Bhagwati àti kajú Ògbómọ̀ṣọ́

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n Láyí, a gbọ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ wà báyìí. Ilé ńkọ́?

LÁYÍ: Adúpẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìgbà kajú la wà níbí, ọ̀rọ̀ kajú ló sì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa Jagdish Bhagwati.

ÀBẸ̀KẸ́: Ọmọ Íńdíà yẹn, tó gbajúmọ̀ nínú ìmọ̀ òwò láàárín orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn?

LÁYÍ: Òun gan-an. Bombay, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí, ni wọ́n bí i sí ní 1934. Ó kàwé ní yunifásítì Cambridge ní Ìlú Ọba, ó kọjá sí yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Columbia, ní Amẹ́ríkà náà, ní 1980. Paul Krugman, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008, kàwé lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ ní 1958, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ó ní orílẹ̀-èdè lè máa pèsè ọjà sí i, kó sì máa tòṣì sí i.

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó kórè púpọ̀ ló yẹ kó lówó o.

LÁYÍ: Wo máńgòrò wa. Lọ́dún tó bá so wọ̀ǹtìwọnti, gbogbo ọjà á kún, owó agbọ̀n kan á já wálẹ̀. Agbọ̀n mẹ́wàá lè má pa tó ohun tí agbọ̀n mẹ́ta pa léṣìí. Bhagwati fi hàn pé ó lè ṣe odindi orílẹ̀-èdè bẹ́ẹ̀, bí ọjà tó ń tà bá pọ̀ débi tó ń já iye owó rẹ̀ wálẹ̀ káàkiri ayé, tí àwọn oníbàárà ò sì torí pé ó pọ́ọ́kú rà sí i.

ÀBẸ̀KẸ́: Ẹ jẹ́ ká ti ibodè nígbà náà! Kajú tí wọn ò tíì pa là ń kó lọ sí Vietnam àti Íńdíà. Wọ́n á pa á, wọ́n á yan án, àwa á wá lọ rà á nínú ọ̀rá ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ó ń dùn mí gan-an. Kí ìjọba fòfin dè é, kí àwọn ọmọ wa ríṣẹ́ ṣe.

LÁYÍ: Ó ń dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ní 1963, Bhagwati àti onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, V. K. Ramaswami, kọ̀wé pé bó bá jẹ́ inú ilé ni nǹkan ti bàjẹ́, inú ilé ni ká ti tún un ṣe, ká má lọ máa ti ibodè. Kí ló dé tí a ò fi pa kajú tó níbí? Iná mànàmáná, èlé báǹkì, ọ̀nà. Tí wọ́n bá fòfin de kajú lónìí, ṣé iná á dé lọ́la? Àwọn tó ń bára wọn du kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ á lọ, àwọn iléeṣẹ́ díẹ̀ tó kù á sì dá iye tó wù wọ́n lé e. Ìyá àgbẹ̀ tó ń ṣa kajú lóko ló máa san owó òfin yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa bi í.

ÀBẸ̀KẸ́: Àmọ́ iléeṣẹ́ nílò ìrànwọ́ kó tó lè dìde.

LÁYÍ: Bhagwati ò lòdì sí ìyẹn. Owó ìrànwọ́ ni kí ìjọba fún un ní tààrà, látinú àpò gbogbo wa, kí gbogbo ayé rí iye tó jẹ́.

ÀBẸ̀KẸ́: Íńdíà tiwọn gbọ́ sí i lẹ́nu?

LÁYÍ: Ó pẹ́ o! Bhagwati padà sílé, ó kọ́ni ní Delhi. Ní 1970, òun àti ìyàwó rẹ̀, Padma Desai, tóun náà jẹ́ onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣe ìwé lórí bí ìwé àṣẹ ìjọba ṣe so iléeṣẹ́ Íńdíà lọ́wọ́. O fẹ́ kó ẹ̀rọ wọlé, ìwé àṣẹ. O fẹ́ fẹ iléeṣẹ́ rẹ lójú sí i, ìwé àṣẹ. Àfi ní 1991, nígbà tí Manmohan Singh jẹ́ mínísítà ìṣúná, ni wọ́n tó tú púpọ̀ nínú okùn yẹn.

ÀBẸ̀KẸ́: Ọdún mọ́kànlélógún! Ẹ̀gbọ́n, ọmọ tó ń jáde ní LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, lọ́dún yìí ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

LÁYÍ: Òótọ́ lo sọ, n ò sì ní jà ọ́ níyàn. Àwọn tó ń pa kajú níbí ni mo fẹ́ ká pè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n sọ iye tí epo jẹnẹrétọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn.