Ìbọn Tí Ń Ki Ara Rẹ̀: Bí Ọdẹ Ṣe Lè Yan Èyí Tó Bá Ẹran Rẹ̀ Mu

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin tó fẹ́ di ọdẹ. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí níbikíbi tí mo bá ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kì í yí padà: "Ìbọn wo ni kí n rà?" Èmi náà kì í yí èsì mi padà. Ẹran wo lẹ fẹ́ pa? Báwo ni yóò ṣe jìnnà sí yín tó nígbà tí ẹ bá rí i? Ṣé orí ẹ̀gùn lẹ máa jókòó sí, àbí ẹ máa rìn láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí? Ẹni tí kò bá tíì dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó ṣì fi owó rẹ̀ sápò ná.

Sẹmi-ọtomátíìkì ni wọ́n ń pe irú ìbọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Lẹ́nu ọdẹ, "sẹmi" ti tó. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ ni. Ẹ fa tírígà lẹ́ẹ̀kan, ọta kan ṣoṣo ló jáde. Ìbọn á ta èèpo ọta tó ti jó dànù, á sì gbé òmíràn wọlé. Àfi tí ẹ bá jọ̀wọ́ tírígà tí ẹ tún un fà ni èkejì tó lè jáde. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí ìbọn ogun tí ń da ọta bí òjò títí ìka á fi kúrò lórí tírígà.

Bó ṣe ń ṣe é kò ṣòro láti yé ènìyàn. Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, èéfín gbígbóná rẹ̀ ló ń ti orí ọta jáde. Nínú ọ̀pọ̀ sẹmi òde òní, ihò kékeré kan wà lára ọ̀pá ìbọn tó ń bu díẹ̀ nínú èéfín náà, òun ló sì ń ti irin tó dé ìdí ọta sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká máa pe irin yẹn ní ìdérí. Sípíríńgì á dá ìdérí padà, bó sì ṣe ń bọ̀ ló ń he ọta tuntun láti inú magasíìnì, ìyẹn àpótí kékeré tí a to ọta sí. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé irin inú rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀, ìtì tó ń bọ̀ sí èjìká kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń fẹ̀ díẹ̀, èjìká sì máa ń mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn kan gbà pé ìbọn ogun tí wọ́n kàn sọ di ti ọdẹ ni gbogbo sẹmi. Ìtàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Winchester gbé sẹmi kékeré kan jáde lọ́dún 1903, ọta .22 ló ń jẹ (irú nọ́ńbà yìí ń sọ bí orí ọta ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì). Lọ́dún 1906, Remington bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí John Browning ṣe, tí wọ́n wá ń pè ní Model 8 lẹ́yìn náà. Èyí kò lo èéfín rárá: ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀ ló ń sún sẹ́yìn pẹ̀lú ìdérí. Àgbọ̀nrín ni wọ́n fi ń pa. Ọdún 1936 ni ológun Amẹ́ríkà tó gba sẹmi M1 wọlé gẹ́gẹ́ bí ìbọn ọwọ́ ọmọ ogun wọn. Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni ọdẹ fi ṣíwájú wọn. AR, sẹmi tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ló wá láti apá kejì, ìyẹn apá ológun. Eugene Stoner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ArmaLite ló ṣe é láàárín ọdún 1950 sí 1960, Colt sì ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1959. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yẹn ni "AR" dúró fún. Kò ní ìtumọ̀ ogun kankan nínú.

Kí ẹ tó ya owó sọ́tọ̀, ẹ lọ ka òfin ibi tí ẹ ti fẹ́ dẹ̀gbẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òfin máa ń sú ènìyàn, àmọ́ nínú ọ̀rọ̀ sẹmi, òfin lè sọ ìbọn tó dára jù lọ di irin lásán. Ní Bìrìtéènì, láti ọdún 1988 ni wọ́n ti fòfin de sẹmi tó ń jẹ ọta ńlá; ti .22 kékeré nìkan ló kù. Ní Jámánì, ọta mẹ́ta péré ni òfin ìdọdẹ fàyè gbà nínú sẹmi, àpapọ̀ èyí tó wà nínú ọ̀pá àti nínú magasíìnì. Ọdún 2016 ni wọ́n tún un kọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ kan ti da ọ̀rọ̀ náà rú. Kánádà fi magasíìnì irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí ọta márùn-ún. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Colorado ní kí ọta inú sẹmi ọdẹ má ju mẹ́fà lọ. Pennsylvania ò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ sétí títí di ọdún 2017, nígbà yẹn náà, ẹran kéékèèké ni wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún, wọ́n yọ àgbọ̀nrín kúrò. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 1934, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà, ní pé ìbọn tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá tó ínṣì 16 di ohun tí a gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ó yá, ọta. Ibí ni mo fẹ́ ká jókòó sí pẹ́, nítorí pé ọta ló ń pa ẹran. Ìbọn kàn ń gbé e lọ ni.

Ẹ̀yin tó ń lo AR kékeré (AR-15), ọta .223 ni ẹ máa bá nínú rẹ̀ jù. Orí ọta rẹ̀ tó wọ́pọ̀ wọn gíréènì 55. Pọ́n-ùn kan jẹ́ gíréènì 7,000, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo bó ṣe fúyẹ́ tó. Ó ń sáré dáadáa, èjìká kì í mọ̀ pé ó kọjá, ó sì dára fún ajáko àti àwọn ẹran tí kò tóbi. Fún àgbọ̀nrín ńkọ́? Àwọn kan fi ń pa á, mi ò sì ní parọ́ pé kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n àyè àṣìṣe inú rẹ̀ kéré. Bí orí ọta bá fọ́ lára egungun èjìká kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹran á lọ kú síbi tí ẹ ò ní rí i. Virginia ò gbà kí ọta tó kéré ju .23 pa àgbọ̀nrín; Colorado ní kò gbọ́dọ̀ kéré ju .24 fún ẹran ńlá. Mo fara mọ́ wọn.

Ìṣòro AR kékeré ni pé magasíìnì rẹ̀ kò fẹ̀. Gígùn ọta tó lè wọ inú rẹ̀ kò ju bí ínṣì méjì àti ìdámẹ́rin lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe ọta tó sanra tàbí tó ṣe kúkúrú fún un: .300 Blackout, 6.5 Grendel, àti .350 Legend tí Winchester gbé jáde lọ́dún 2019. Èyí tó kẹ́yìn yìí, èèpo rẹ̀ gùn gbọọrọ láìní ọrùn, ó sì dùn mọ́ àwọn ọdẹ Ohio, níbi tí òfin ti ní kí èèpo ọta ìbọn tí a fi ń pa àgbọ̀nrín rí bẹ́ẹ̀. Láti inú ẹ̀gùn, ní nǹkan bí 100 yáàdì, ohun tí ọdẹ ń wá wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ọta tó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìbọn gbọ́dọ̀ tóbi sí i. .308 ti wà láti ọdún 1952, .243 láti 1955, 6.5 Creedmoor dé ní nǹkan bí ọdún 2007. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú AR ńlá. Tí ẹ bá sì ń fẹ́ .30-06 àtijọ́, sẹmi ọdẹ onígi bíi BAR tí ilé-iṣẹ́ Browning gbé jáde lọ́dún 1967 ni kí ẹ wò. Ẹni tó bá ní kí n yan ẹyọ kan fún òun láìsọ nǹkan mìíràn, .308 ni máa mú. Kì í ṣe pé ó dára ju gbogbo wọn lọ. Ó kàn ṣòro láti rí ẹran tí agbára rẹ̀ kò ká, kò sì sí ibi tí wọn kì í ti í tà á. Ẹni tí èjìká rẹ̀ kò bá gba ìtì, kó mú .243, kó má sì tijú.

Àti orí ọta: California kò gba òjé mọ́ fún ọdẹ láti ọdún 2019, nítorí àwọn igún ńlá tó ń kú látara èérún òjé inú ẹran. Ọta bàbà ni wọ́n ń lò. Ó gùn ju ti òjé lọ bí wọ́n bá jọ wọn ìwọ̀n kan náà, ọ̀pá ìbọn gbọ́dọ̀ lè yí i dáadáa kó tó lè lọ tààrà. Ìlà tó lọ́ yí inú ọ̀pá ká ló ń yí ọta. Bí wọ́n bá kọ 1:12 sí i lára, ẹ̀ẹ̀kan ni ọta ń yí láàárín ínṣì 12; 1:8 ń yára yí i. Ọta .223 tó gùn kò ní tọ́ láti inú 1:12 láéláé, bí ẹ tilẹ̀ gbàdúrà sí i.

Gígùn ọ̀pá fúnra rẹ̀? Ínṣì 16 sí 18 fún igbó tó dí, 20 tàbí 22 fún pápá. Ẹ má jẹ́ kó gba orun lójú yín.

Ìwọ̀n ìbọn ló yẹ kó gbà á. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ oko ọdẹ, AR ńlá ló gbé dání. Ó ti fi ẹsẹ̀ méjì sí ẹnu rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi awò tó tóbi bí ìgò ọtí lé e lórí, ó tún so àpò kan mọ́ ìdí rẹ̀. Ká tó dé ibi tí a ń lọ, èmi ni mo ń bá a gbé e. Nígbà tí ẹran jáde, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ gbé ìbọn tí ẹ fẹ́ rà sókè nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ nà án síwájú, kí ẹ ka ọgbọ̀n. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti ń jó, ẹ dá a padà.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan máa ń ra AR ní apá-apá kí wọ́n tó tò ó pọ̀. Apá ìsàlẹ̀ tó ní nọ́ńbà lára ni òfin kà sí ìbọn, ọ̀dọ̀ oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ ni wọ́n sì ti ń gbà á. Apá òkè ló gbé ọ̀pá àti ìdérí. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó ra apá òkè ní pípé láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àlàfo wà láàárín ìdérí àti ìdí ọta tí ojú lásán kò lè wọ̀n. Bí ó bá fẹ̀ jù, èèpo ọta lè ya níwájú ojú ẹni tó ń yìnbọn. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ìbọn ni láti wò ó. Bákan náà ni tírígà: ẹ rà á ní pípé, kí ẹ má fi ayùn ha ohunkóhun nínú rẹ̀. Tírígà tí wọ́n ti ha lè jọ̀wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ìbọn bá ṣubú, ó sì lè yin ọta méjì lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ti di ẹ̀ṣẹ̀ níwájú adájọ́.

Awò kò yẹ kó ga jù. Èyí tó ń sún ẹran mọ́ni ní ìlọ́po méjì sí méje kì í jẹ́ kí ènìyàn wá ẹran tì nígbà tó bá wà nítòsí. Bí ẹ bá tọ́ awò .308 oní-gíréènì 150 sí 200 yáàdì, ọta á ga tó bí ínṣì méjì ní 100, á sì ti wálẹ̀ tó bí ínṣì mẹ́jọ ní 300. Àyà àgbọ̀nrín níbi tí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró wà kò ju bí àwo oúnjẹ lọ, ínṣì mẹ́jọ náà ni. Ìbọn tó ń kó ọta jọ sínú ínṣì kan àbọ̀ ní 100 yáàdì á kó o sínú mẹ́ta ní 200. Ìbọn ti ṣe tirẹ̀ nìyẹn. Ọwọ́ ọdẹ ló kù.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ta sẹmi kì í sọ: ó ń pariwo kó tó yìn. Ìdérí kò fẹ́ kí a rọra tì í wọlé. Bí ẹ bá fọwọ́ mú un bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹran má baà gbọ́, ó lè má tì dáadáa, ẹ ó sì gbọ́ "tẹ" lásán nígbà tí ẹ bá fa tírígà. Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, ní ọ̀nà, kí ẹ tó dé ibi ẹran. Nínú AR, abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta máa ń fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìdérí bá tì. Ẹ ó rí àmì rẹ̀ bí ẹ bá yọ ọta náà. Kò burú lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má máa ki ọta kan náà wọlé yọ ọ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Arábìnrin kan nínú ìjókòó tó kọjá bi mí léèrè pé kí wá ni àǹfààní ọta kejì, nígbà tí mo ti sọ̀rọ̀ ọta àkọ́kọ́ tó báyìí. Ìbéèrè tó dáa ni. Ojú yín kò kúrò nínú awò, ọwọ́ yín kò kúrò ní ìdí ìbọn. Bí ẹran tó ti gba ọta bá ṣì dúró, ẹ lè fi èkejì gé ìrora rẹ̀ kúrú. Ohun tí mo ń rà sẹmi sí nìyẹn. Ẹni tó bá rà á kó lè máa da ọta sí inú ewé tó ń mì, kó jọ̀ọ́, kó má bá mi wọgbó.

Ohun yìí kan náà ló sì gbé ewu rẹ̀ wá. Ẹni tó ń fi ọwọ́ ki ìbọn mọ̀ pé lẹ́yìn tí òun bá yìn ín, kò sí nǹkan nínú ọ̀pá mọ́, àfi tí òun bá fi òmíràn sí i. Sẹmi kò rí bẹ́ẹ̀. Kí èèpo àkọ́kọ́ tó kanlẹ̀, ó ti ki ara rẹ̀. Ẹran ṣubú, inú ọdẹ dùn, ó fò sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀gùn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ìka rẹ̀ ṣì wà níbi tí ó wà. Kí ẹ tó mira, ẹ tẹ ìdádúró ìbọn, èyí tí kì í jẹ́ kí tírígà ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀, ẹ yọ magasíìnì, ẹ fa ìdérí sẹ́yìn, ẹ wo inú ọ̀pá, ẹ ti ìka bọ inú rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Okùn ni kí ẹ fi sọ ìbọn kalẹ̀, lófìfo, kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ fúnra yín.