Ìbínú Ọ̀dọ́: Kí Ló Ń Lọ Nínú Ọpọlọ Wọn?

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ní kí ọmọ ọdún 14 gbé fóònù sílẹ̀, ọmọ pòṣé, ó wọ yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé gbàà! Kò pẹ́, ó ti jáde, ó ń béèrè oúnjẹ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló bí i nínú tó bẹ́ẹ̀, á ní òun ò mọ̀. Irọ́ kọ́ ló ń pa.

Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ wa tó ń jẹ́ amygdala. Òun ló máa ń tètè fura sí ewu, tí ara á ti gbóná kí a tó ronú rárá. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà, kíá ló ń gbaná jẹ. Apá tó yẹ kó sọ pé "rọra, rò ó wò ná" wà lẹ́yìn iwájú orí, òun ló sì ń gbẹ̀yìn dàgbà. Ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 25 kó tó gbó tán.

Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Jay Giedd, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀rọ MRI ya ọpọlọ àwọn ọmọdé léraléra bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 1999 ni pé apá iwájú ọpọlọ ń nípọn títí di nǹkan bí ọdún 11 fún obìnrin, 12 fún ọkùnrin, lẹ́yìn náà ó wá ń fẹ́lẹ́ sí i. Ẹ má jáyà o, kò bàjẹ́. Bí àgbẹ̀ ṣe ń fa àgbàdo tó pọ̀ jù lójú ihò kan tu ni, kí ìyókù lè ráyè ta gbòǹgbò. Ọ̀nà tí ọmọ bá ń lò lójoojúmọ́ ni ọpọlọ ń fi sílẹ̀. Bó bá jẹ́ igbe la fi ń dá a lóhùn, igbe náà ni yóò mọ̀ ọ́n ṣe.

Nínú ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2005, àwọn olùwádìí ní kí àwọn èèyàn ṣe eré ọkọ̀ wíwà lórí kọ̀ǹpútà. Tí ọ̀rẹ́ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16, ewu tí wọ́n ń kó ara wọn sí ń pọ̀ gan-an. Àwọn tó ti pé ọdún 24 sókè? Kò yí wọn padà. Nítorí náà, ẹ má bá ọmọ yín wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ò ní rí ọgbọ́n kankan lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan wà tó lè ran àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Nínú ìwádìí kan ní yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, àwọn àgbàlagbà tó sọ orúkọ ohun tí wọ́n rí lójú àwọn èèyàn inú àwòrán, bóyá ìbínú ni tàbí ẹ̀rù, amygdala wọn rọlẹ̀. Nítorí náà, tí ara ọmọ bá ti balẹ̀, ẹ bi í pé: "Ṣé inú ló bí ọ ni, àbí ojú ló tì ọ́?" Ó lè jẹ́ pé ojú ló tì í.

Ẹ wo ti oorun náà. Wákàtí 8 sí 10 ni ọ̀dọ́ nílò, bẹ́ẹ̀ aago ara wọn kì í jẹ́ kí oorun tètè kùn wọ́n lálẹ́. Ọmọ tó sùn ní aago 1 òru, tí wọ́n wá jí ní aago 5 kó lè múra ilé ẹ̀kọ́, ẹ má retí sùúrù lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.