Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Látinú: Clearance Àtàwa Agbaṣẹ́ṣe Kéékèèké Ní Maryland

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ clearance, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń fún èèyàn tàbí iléeṣẹ́ kí wọ́n tó lè fi iṣẹ́ àṣírí sí wọn lọ́wọ́, ni mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní Maryland lálẹ́ Sátidé, mo ti ṣèlérí pé màá kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ má bínú bó bá gùn, bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹni tó bá ń gbé láàárín Baltimore sí Washington mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló yí wa ká. NSA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe iṣẹ́ òtẹlẹ̀múyẹ́ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, wà ní Fort Meade, Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, wà lódìkejì odò Potomac. Àwọn ọmọ wa ti kọ́ cybersecurity, wọ́n ti yege ìdánwò Security+, ẹlòmíì ti dá iléeṣẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, ó ti forúkọ sílẹ̀ lórí SAM.gov, ìkànnì àwọn tó fẹ́ gbaṣẹ́ ìjọba, wọ́n ti fún un ní 8(a), ètò tí ìjọba fi ń ran àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké tí kò láǹfààní púpọ̀ lọ́wọ́, ó wá rí kọ́ńtíráàtì kan tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, inú ẹ̀ dùn, ó kà á dé ojú ewé kejì, ló bá rí i pé iléeṣẹ́ tó bá máa du iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ti ní facility clearance, ìyẹn clearance iléeṣẹ́, ní ìpele Secret. Ibẹ̀ ló pin sí. Èmi náà ti pin síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Clearance èèyàn wà, ìpele mẹ́ta ló ní, Confidential, Secret àti Top Secret, clearance iléeṣẹ́ náà sì wà lọ́tọ̀. Kò sí èyí téèyàn lè lọ bèèrè fúnra ẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹ ò lè sanwó sí i, torí ìjọba ló ń san owó ìwádìí náà, kò sì sí ọ́fíìsì tẹ́ ẹ lè wọ̀ lọ pé ẹ wá gba fọ́ọ̀mù. DCSA, ìyẹn ẹ̀ka Pentagon tó ń ṣe ìwádìí yìí láti 2019, ò ní dá yín lóhùn àfi tẹ́nì kan bá dúró fún yín. Ẹni náà á jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tó fẹ́ gbé iṣẹ́ àṣírí fún yín, tàbí iléeṣẹ́ tó ti ní clearance tiẹ̀, tó fẹ́ pín iṣẹ́ fún yín, wọ́n sì máa fi ìwé hàn pé iṣẹ́ náà wà lóòótọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tó ti ń dunni? Ẹ ò lè ríṣẹ́ láìní clearance, ẹ ò sì lè rí clearance láìníṣẹ́. Ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn ti wà nínú ilé, tó bá sì ṣí i, á di pé ẹ jọ ń tajà kan náà. Iléeṣẹ́ ńlá kan tí mi ò ní dárúkọ pè mí pé ká jọ kọ ìwé ìdíje, wọ́n fi orúkọ mi àti CV àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sínú ẹ̀, iṣẹ́ náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn máa dúró fún mi tó bá yá. Oṣù 14 ni mo fi ń kọ ìmeèlì. Nígbà tó yá wọ́n gba méjì nínú àwọn ọmọ náà síṣẹ́ fúnra wọn. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí, ìdí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má yẹ èèyàn wò o. Ní September 2013, ẹnì kan tó ń bá agbaṣẹ́ṣe ṣiṣẹ́, tó ní Secret lọ́wọ́, wọ Navy Yard, ọgbà iléeṣẹ́ ológun ojú omi ní Washington, ó sì pa èèyàn 12. Lọ́dún yẹn kan náà ni Snowden, tóun náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ agbaṣẹ́ṣe, kó àṣírí NSA lọ. Ó yẹ kí wọ́n ṣọ́ra. Àmọ́ lọ́dún 2018, ìwádìí tó wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì parí lé ní 700,000, ẹ wá wo ẹni tí ìdúró yẹn pa lára. Iléeṣẹ́ ńlá lè máa san owó oṣù fún èèyàn kó máa ṣe nǹkan míì títí clearance ẹ̀ á fi jáde. Àwa tá a jẹ́ èèyàn márùn-ún, bí ẹnì kan bá jókòó lásán fóṣù mẹ́fà, ilé ti wó nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá rí ẹni dúró fún yín, ọ̀gá pátápátá iléeṣẹ́ àtẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kí wọ́n sì gba clearance tiwọn. Gírín káàdì ò tó. Fọ́ọ̀mù SF 328 á tún bi yín bóyá àjèjì ní tó ìdá 5 nínú ìdá 100 iléeṣẹ́ náà, torí náà ẹ̀gbọ́n yín ní Èkó tó fowó sí i nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀ ti máa jáde.

SF-86 ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, fọ́ọ̀mù tí èèyàn fúnra ẹ̀ máa kọ kó tó gba clearance. Ó lé ní 100 ojú ewé, mo sì rò pé àwọn tó ṣe é ò ní irú ẹbí tiwa lọ́kàn rárá. Wọ́n máa béèrè orúkọ mìíràn tẹ́ ẹ ti jẹ́ rí. Èyí tó wà lórí WAEC ńkọ́, orúkọ ìsàmì ńkọ́, orúkọ ilé bàbá kó o tó lọ ilé ọkọ ńkọ́? Wọ́n máa béèrè ọjọ́ ìbí bàbá yín, bàbá tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ṣí ilé ìwé ìlú, tó ti búra ọjọ́ orí lẹ́ẹ̀mejì ní kóòtù tí ọdún méjèèjì ò sì bára mu. Wọ́n máa béèrè àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá àtàwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ bàbá, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àdírẹ́sì. Arákùnrin kan tí mo mọ̀ kọ àbúrò mẹ́sàn-án, torí pé ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀, àbúrò ẹ̀ náà ni, ta ló kọ́ ẹ pé kò kí ń ṣe àbúrò ẹ? Àmọ́ mẹ́ta ló kọ nígbà tó ń gbàwé ìgbélùú. Oníwàdìí tò wọ́n síra, ó ní èwo ni òótọ́? Kò parọ́ o, èdè ló yàtọ̀, ó sì fi oṣù gbọọrọ ṣàlàyé.

Owó náà wà níbẹ̀. Wọ́n máa béèrè ẹni tẹ́ ẹ ń fowó ránṣẹ́ sí nílé, àti ilé tàbí ilẹ̀ tẹ́ ẹ ní lókè òkun. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn wa níbí, wọ́n á ní àwọn ò ní kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́. Láti June 2017, ìlànà 13 ni wọ́n fi ń wo èèyàn, níní ẹbí ní Nàìjíríà ò fúnra ẹ̀ lé èèyàn dànù, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tí wọ́n máa ń ní kéèyàn jọ̀wọ́ tẹ́lẹ̀, wíwà lọ́wọ́ yín lásán kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́. Irọ́ ló léwu, irọ́ lórí fọ́ọ̀mù yẹn lè di ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Èyí tó sì ń gbé èèyàn ṣubú jù lọ ni gbèsè, kì í ṣe ẹbí. Mo mọ ẹni tó fi credit card ṣòkú ìyá ẹ̀, ó pa màlúù, ó ra aṣọ ẹbí, kò sì rí i san tán, gbèsè yẹn ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́ lórí clearance ẹ̀ ní Arlington. Lọ́yà ò lè sọ pé ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, Kóòtù Gíga Jù Lọ ti sọ ọ́ láti 1988 pé kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí clearance.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ wà. Iṣẹ́ public trust, ìyẹn iṣẹ́ ìjọba tó gba ìfọkàntán àmọ́ tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣírí, irú èyí tó pọ̀ ní Social Security àti CMS, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó Medicare, ní Woodlawn, kì í ṣe clearance, fọ́ọ̀mù ẹ̀ kúrú, ó sì ń fún iléeṣẹ́ lórúkọ rere. Láti 2020 sì ni òfin ti gbà pé kí iléeṣẹ́ kékeré da pọ̀ mọ́ èyí tó ti ní clearance láìsí pé àjọṣe tuntun náà tún gba tiẹ̀. Àmọ́ lọ́kàn mi, òfin ìdúró-fúnni yìí gan-an ló yẹ kí wọ́n tún ṣe. Kí ìjọba fúnra ẹ̀ dúró fún iléeṣẹ́ kékeré tó bá yege, kó má fi wá sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tá a jọ ń du ọjà.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn, wọ́n ní ọmọ àwọn ń kọ fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́, bàbá ti kú, ilé kan wà ní Ìbàdàn tí wọn ò tíì pín, ṣé kó kọ ọ́? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni màmá, kó kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́: ilé ẹbí ni, àwa mẹ́jọ la ni ín, a ò tíì pín in. Wọ́n ní ìwé ilé wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n pátápátá, àwọn á pè é láàárọ̀ ọ̀la.