Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ olówó pọ́ọ́kú tí ò ní já: ẹ jẹ́ ká jọ sín in

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ la fẹ́ sín lónìí, ẹ ò nílò húùkù, ẹ ò nílò plọ́yà, okùn rọ́bà, ìlẹ̀kẹ̀, sísọ́ọ̀sì, sẹ́lótéèpù, tépù télọ̀ àti kútẹ́ẹ̀sì tí ò láwọ̀, ó tán.

Ìlẹ̀kẹ̀ olówó pọ́ọ́kú ò burú rárá, oníke tó jọ iyùn wà ní Balógun l'Ékòó rẹpẹtẹ, ó dẹ̀ ń dán. Èmi fẹ́ràn onígíláàsì jù, àwọn baba wa n'Ífẹ̀ ti ń rọ ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì ní Igbó Olókun ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn, tiwa ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wù kẹ́ ẹ rà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣahun lórí okùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo sín ọ̀kan fún kọsítọ́mà mi tó ń lọ síbi ìkómọ, ibi tó ti ń náwó fún ìyá ọmọ ni rọ́bà ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, ìlẹ̀kẹ̀ fọ́n ká abẹ́ àga, àwọn ọmọdé ń ṣà á. Ó pè mí, ó ní "Àǹtí, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn já o." Kò tiẹ̀ bínú, àmọ́ ó dùn mí gan-an. Àwọn àgbà ní ìlẹ̀kẹ̀ má jàá sílé, má jàá síta, ibì kan ni yóò já sí, ṣùgbọ́n tèmi ò gbọdọ̀ yá já bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́.

Ó yá, ẹ fi tépù télọ̀ wọn ọrùn ọwọ́ yín. Tèmi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 16, mo fi 1.5 kún un kó má fún mi, ìlẹ̀kẹ̀ 8mm ni mò ń lò, ìyẹn á gba 22. Ẹ ra rọ́bà 0.8mm, ẹ gé e gùn dáadáa, kẹ́ ẹ wá fà á, ẹ fà á bí ìgbà mẹ́rin kẹ́ ẹ tó sín nǹkan kan sí i, torí tí ò bá nà báyìí, ọwọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́ ló ti máa nà, á wá dẹ̀ jù.

Ẹ wo ẹnu ihò ìlẹ̀kẹ̀ níbi iná, ẹ fi èékánná kàn án, èyí tó bá mú bí etí agolo ẹ yọ ọ́ sọnù, òun ló máa ń ré rọ́bà díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ẹ lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìdí okùn, kẹ́ ẹ máa sín in lọ.

Kókó ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ẹ ta ẹnu okùn méjèèjì lu ara wọn, ẹ kọ́ ọ gba abẹ́ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, ẹ fà á le, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ kán kútẹ́ẹ̀sì tín-ín-rín sórí ẹ̀, ẹ má lo súpà gúlúù o, ó máa ń mú rọ́bà gan, á dẹ̀ kán níbẹ̀. Tó bá gbẹ, ẹ gé ìrù ẹ̀, kẹ́ ẹ fa kókó náà wọ inú ihò ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ẹ gbálẹ̀ kẹ́ ẹ tó dìde o, ọmọ kékeré lè ki ìlẹ̀kẹ̀ bọmú tàbí kó gbé e mì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ máa rọra yí i wọlé, ẹ má fẹ̀ ẹ́. Ẹ fi fọ́tò tiyín ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ kí n rí kókó ẹ̀.