Oṣù Wo Ni Kí A Gé E? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Rírẹ́ Igi Ọgbà ní Ilẹ̀ Japan

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọgbà, mo kí yín. Bí ọ̀rọ̀ rírẹ́ igi bá ṣẹlẹ̀, ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń béèrè ni pé níbo ni kí àwọn ti gé e. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò lónìí ni èyí tí olùtọ́jú ọgbà ní Japan máa ń kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: oṣù wo ni a wà? Ojú ọgbẹ́ kan náà, lórí ẹ̀ka kan náà, lè bu ẹwà kún igi bí a bá dá a sí i ní oṣù kan, kí ó sì ba igi náà jẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan bí a bá dá a sí i ní oṣù mìíràn.

Ní ilẹ̀ tiwa, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni a mọ̀. Ọdún ti Japan pín sí mẹ́rin: ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Nígbà tí ewé bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, igi máa ń to oúnjẹ jọ sí gbòǹgbò àti sí ara rẹ̀, ohun tí ó tò jọ yìí ni ó sì máa ń ná láti fi rúwé nígbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gé ẹ̀ka púpọ̀ kúrò lára igi nígbà òtútù kò fọwọ́ kan oúnjẹ tí ó wà nínú gbòǹgbò. Ojú tí yóò rúwé ni ó dín kù, àwọn díẹ̀ tí ó sì ṣẹ́ kù yóò fi gbogbo agbára yẹn yọ ọ̀pá gígùn tí ó nà ṣánṣán sókè. Bí ó bá dúró títí igi fi rúwé tán, tí àpò rẹ̀ ti gbẹ, èyí tí yóò tún hù lẹ́yìn náà kì yóò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ẹwà tí a ń wò nínú àwọn ọgbà wọ̀nyẹn ti jáde.

Kò sí igi tí ó fi èyí hàn tó páínì, igi tí ewé rẹ̀ rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Oríṣi méjì ni ó gbajúmọ̀ jù: páínì dúdú tí ó fẹ́ràn etíkun, àti páínì pupa tí a máa ń rí lórí òkè. Láti ìparí oṣù Igbe wọ inú oṣù Èbìbí, ọ̀mùnú tuntun máa ń yọ ṣóńṣó ní orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ewé rẹ̀ tó là. Àwọn olùtọ́jú ọgbà máa ń fi ìka ṣẹ́ ẹ, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní midoritsumi, nítorí pé ewé páínì tí irin bá gé lẹ́nu máa ń gbẹ níbi tí a ti gé e, tí yóò sì pọ́n. Ẹ̀ka òkè ni ó máa ń lágbára jù, nítorí náà wọn a ṣẹ́ púpọ̀ kúrò níbẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ kò lágbára, wọn a sì ṣẹ́ díẹ̀, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ pátápátá. Ní tèmi, ibí yìí ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù: wọ́n ń fi ìka gba agbára lọ́wọ́ ibi tí ó ti pọ̀ kí ó lè tó ibi tí kò tó sí.

Fún páínì dúdú tí ara rẹ̀ le, iṣẹ́ mìíràn tún wà láàrin oṣù Òkúdu sí Agẹmọ, èyí tí wọ́n ń pè ní mekiri. Wọn a gé gbogbo ọ̀mùnú ọdún náà dànù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé wọ́n ti pa igi náà, ṣùgbọ́n ooru ṣì kù níwájú, nítorí náà páínì yóò yọ ọ̀mùnú lẹ́ẹ̀kejì. Àkókò tí àwọn èyí yóò fi dàgbà kúrú, ewé wọn náà yóò sì kúrú, èyí tí ó mú kí orí ẹ̀ka dì, kí ó sì dán mọ́nrán. Bí a bá tètè gé e jù, ewé tuntun yóò tún gùn. Bí a bá pẹ́ jù, òtútù yóò bá a kí ó tó gbó. Igi tí ara rẹ̀ kò le ni a kò gbọdọ̀ dán irú èyí wò lára rẹ̀ rárá.

Láti oṣù Ọ̀wàrà títí di oṣù Ọ̀pẹ, iṣẹ́ páínì yóò tún bẹ̀rẹ̀. Èyí ni momiage: a ó fi ọwọ́ já ewé àtijọ́ kúrò, a ó sì dín àwọn ẹ̀ka kéékèèké kù kí oòrùn lè wọ inú lọ. Iṣẹ́ sùúrù ni, lórí àkàsọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìdí tí a kò fi lè yẹra fún un ni pé páínì kì í sábà hù padà láti ara ẹ̀ka àtijọ́ tí kò ní ewé mọ́. Bí òjìji bá bo inú igi títí ọ̀mùnú ibẹ̀ fi kú, ibẹ̀ yóò máa wà ní òfìfo. Ọgbà Ritsurin ní ìlú Takamatsu, tí wọ́n parí ní ọdún 1745, tí wọ́n sì ṣí fún gbogbo ènìyàn ní 1875, ní páínì bíi 1,400, nínú èyí tí nǹkan bíi 1,000 jẹ́ èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ rẹ́. Ẹni tí ó bá ro iye ewé tí ó wà lórí igi kan ṣoṣo yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ti igi olódòdó yàtọ̀. Òwe àwọn ará Japan kan sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó gé sákúrà (igi ṣẹ́rì olódòdó), òmùgọ̀ sì ni ẹni tí kò gé ume (igi eléso tí ó jọ púlọ́ọ̀mù). Ojú ọgbẹ́ sákúrà kì í tètè jiná, ó sì rọrùn fún ìjẹrà láti gba ibẹ̀ wọlé. Ume, ní tirẹ̀, máa ń yọ ọ̀pá gígùn lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀ka kúkúrú ni òdòdó rẹ̀ ti ń pọ̀. Bí ewé bá ti wọ́ tán, a lè rí ojú òdòdó kedere, a ó sì mọ èyí tí a ó gé àti èyí tí a ó dá sí. Azalea, igi kúkúrú olódòdó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní satsuki, ni ó máa ń dójú ti àwọn aláìmọ̀. Oṣù Èbìbí sí Òkúdu ni ó ń tanná, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi ń dá ojú òdòdó ti ọdún tí ń bọ̀ sí orí ẹ̀ka. Gẹ́rẹ́ tí òdòdó bá rẹ̀ ni kí a rẹ́ ẹ. Ẹni tí ó dúró di ìgbà ìwọ́wé yóò ní igbó tí ó rí roboto dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní rí òdòdó. Ní tẹ́ḿpìlì Raikyu-ji, ní ìlú Takahashi, níbi tí wọ́n ti rẹ́ satsuki bí ìgbì òkun, ìrísí àti òdòdó ṣì jọ wà pọ̀ nítorí pé wọ́n ń ṣọ́ àsìkò yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi láti Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ ní azalea níwájú ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Momiji, igi mápù ti Japan, tí ewé rẹ̀ ń pọ́n nígbà ìwọ́wé, kò gba àlàyé púpọ̀: ẹ gé e láàrin ìgbà tí ewé wọ́ tán àti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí oje tó máa gun òkè, nítorí pé bí ó bá ti ń gùn, ojú ọgbẹ́ yóò máa ṣe omi ṣùrùṣùrù.

Nígbà òtútù, yìnyín náà ń gé igi, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ka gbọọrọ tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́ kí ó lè nà lórí omi ni ó máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Ní ọgbà Kenroku-en, ní ìlú Kanazawa tí yìnyín rẹ̀ tutù tí ó sì wúwo, ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn gbé ẹ̀ka ró, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ láti ara páínì Karasaki, tí Maeda Nariyasu, olóyè kẹtàlá ní agbo ilé Maeda tí ó ń ṣàkóso agbègbè náà láyé àtijọ́, gbin láti inú èso tí a mú wá láti ẹ̀bá adágún Biwa. Wọn a ri òpó gíga sí ẹ̀gbẹ́ igi, okùn yóò sì máa tàn láti orí òpó náà wá sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹnìkan béèrè ohun tí a lè ṣe sí páínì tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Mo ní kí ó kọ́kọ́ wá ọ̀mùnú, bó ti wù kí ó kéré tó, nítòsí ara igi. Bí ó bá rí i, kí ó máa dín orí ẹ̀ka kù díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún títí oòrùn yóò fi tó o, kí ó má sì gé orí náà kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá rí nǹkan kan, ẹ̀ka tí ó wà nítòsí ni yóò so mọ́ ọ̀pá oparun, tí yóò sì máa darí rẹ̀ wá sí àyè tí ó ṣófo náà.