Ta Ló Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Àwọn Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ Yìnbọn?

Ẹ wo ọkùnrin yìí. Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tilẹ̀, okùn awọ kan so apá rẹ̀ mọ́ ìbọn ráífù. Àmì tó ń wò wà ní 50 mítà sí i, àárín gbùngbùn àmì náà kò sì ju mìlímítà 10.4 lọ. Èékánná àtàǹpàkò yín fẹ̀ jù ú lọ. Ọta 60 ló máa yìn láàárín ìṣẹ́jú 50.

Henri Junghänel, ọmọ Jámánì, ló gba góòlù ìdíje ìdọ̀bálẹ̀ yìí ní Rio lọ́dún 2016. Látìgbà náà, kò tíì sí ẹlòmíì tó gbà á nínú Òlíḿpíìkì, torí pé wọ́n yọ ìdíje náà kúrò lóṣù kẹfà ọdún 2017. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ṣe nípa rẹ̀ dùn létí. Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí wọn ò dé.

Ní Rio, ìdíje ìbọn mẹ́sàn-án ló wà fún ọkùnrin, mẹ́fà péré fún obìnrin. Àjọ Òlíḿpíìkì Àgbáyé fẹ́ kí ó dọ́gba. ISSF, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìbọn lágbàáyé, wá dábàá pé kí ìdíje ọkùnrin mẹ́ta lọ: ìdọ̀bálẹ̀, ìbọn ìléwọ́ 50 mítà, àti double trap, níbi tí wọ́n ti ń yin àwo méjì tó jọ ń fò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdíje tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń jọ ṣe ló rọ́pò wọn.

Mi ò bá ìdọ́gba jà. Ó tọ́, ó tiẹ̀ ti pẹ́ jù kó tó dé. Ìbéèrè mi ni pé: ta ló sọ ìdọ̀bálẹ̀ di ti ọkùnrin nìkan?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Montreal, ọdún 1976. Nígbà yẹn, tọkùnrin tobìnrin ló jọ ń díje. Ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Margaret Murdock tó jẹ́ obìnrin àti Lanny Bassham tó jẹ́ ọkùnrin, jọ gba máàkì 1162 nínú ìdíje ráífù tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ yìn, dọ̀bálẹ̀ yìn, tí wọ́n sì ń dúró yìn. Nígbà tí wọ́n tún ọta wọn kà, wọ́n fún Bassham ní góòlù. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Bí orin orílẹ̀-èdè wọn ṣe ń dún, ó fa Murdock gòkè wá sórí pèpéle ẹni àkọ́kọ́, wọ́n sì jọ dúró. Nínú gbogbo ìtàn eré yìí, kò sí àwòrán tí mo fẹ́ràn tó ìyẹn.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ní Los Angeles, wọ́n pín wọn. Obìnrin rí ìdíje tiwọn gbà, ìyẹn sì ṣe ọ̀pọ̀ lóore. Àmọ́ ìdọ̀bálẹ̀ tí obìnrin ti ń lè wọ̀ tẹ́lẹ̀ di ti ọkùnrin nìkan. Nígbà tó pé ọdún 33, wọ́n fi àìsí obìnrin níbẹ̀ yọ ọ́ dànù. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn.

Kí ló dé tí àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ yìn ò lè gba ara wọn sílẹ̀? Nínú ISSF, àjọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò. Ẹ̀ka ìdíje kì í dìbò. Ráífù 300 mítà ti jẹ irú ìyà yìí rí: Munich 1972 ló rí Òlíḿpíìkì mọ.

Lókè lọ́hùn-ún, ìjà ipò ń lọ. Olegario Vázquez Raña ará Mẹ́síkò jẹ ààrẹ ISSF láti 1980 títí di 2018. Vladimir Lisin ará Rọ́ṣíà ló rọ́pò rẹ̀, ó fi ìbò 148 sí 144 borí Luciano Rossi ará Ítálì. Nígbà tí ogun Ukraine dé lọ́dún 2022, ISSF dá àwọn ayìnbọn Rọ́ṣíà dúró, ará Rọ́ṣíà sì ṣì wà lórí àga ààrẹ. Kí ọdún yẹn tó parí, Rossi fi ìbò 136 sí 127 gba àga náà.

Ẹ má sì rò pé ISSF ló ni gbogbo ráífù o. Ní Bisley, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1890 ni wọ́n ti ń yin ráífù ńlá, títí dé 1,000 yáàdì. Àwọn tó ń yin irú èyí ní àjọ àgbáyé tiwọn, ICFRA. Àwọn náà tún pín láàárín ara wọn. Àwọn Target Rifle ń fi okùn awọ gbé ìbọn ró, ihò kékeré ara ìbọn ni wọ́n sì fi ń wo àmì. Àwọn F-Class, tó gba orúkọ lára George Farquharson ará Kánádà, ń gbé ìbọn lé nǹkan, wọ́n sì ń lo awò tó ń fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Bí ojú bá ti ń ṣú àgbà ayìnbọn, tí apá ń ro ó, ibẹ̀ ló lè forí lé. Síbẹ̀ àwọn kan ń fojú tín-ín-rín F-Class. Mi ò gbà pẹ̀lú wọn, torí atẹ́gùn tó ń gbá ọta lọ ní 1,000 yáàdì kì í béèrè bóyá o lo awò.

Ní Bìrìtéènì nìkan, àjọ mẹ́ta ló wà: NRA tiwọn (kì í ṣe ti Amẹ́ríkà) ló ń bójú tó ráífù ńlá, NSRA ráífù kékeré, irú èyí tí wọ́n ń yìn ní 50 mítà, CPSA àwọn tó ń yin àwo. Wọ́n ti gbìyànjú láti para pọ̀ di ẹyọ kan, kò bọ́ sí i. Nígbà tí Birmingham 2022 sì yọ ìbọn kúrò nínú Eré Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1970, oníráífù ńlá, oníráífù kékeré àti aláwo ló jọ wà níta.

Ìdọ̀bálẹ̀ ò tíì kú. Nínú ìdíje àgbáyé ISSF, wọ́n ṣì ń yìn ín, tọkùnrin tobìnrin. 50 mítà náà ni, mìlímítà 10.4 náà ni. Ẹ wá fi obìnrin rọ́pò ọkùnrin tí a kọ́kọ́ wò lórí ẹní yẹn: ó lè borí gbogbo ayé níbẹ̀, kò sì ní rí ìdíje yẹn wọ̀ ní Òlíḿpíìkì.