Ta Ló Lè Ní Kí Ọkọ̀ Ojú Irin Má Jáde?

Ẹ kú ìjókòó o. Òfin ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ́ sórí irin ná.

Ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà, iná díẹ̀ máa ń gba inú irin méjèèjì tí rélùwéè ìgboro ń gùn kọjá. Bí ọkọ̀ bá wà lórí irin, táyà irin rẹ̀ á so méjèèjì pọ̀, iná ò ní lè dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń retí rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn á mọ̀ pé ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, á sì dá ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà 2009, nítòsí ibùdókọ̀ Fort Totten, ẹ̀rọ náà parọ́. Iná tí kì í ṣe tòótọ́ já wọ inú rẹ̀, ló bá gbà pé ojú irin ṣófo, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan dúró gbagidi níbẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń fúnra rẹ̀ rìn. Nígbà tí obìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ rí ohun tó wà níwájú, ó tẹ búrẹ́kì, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Èèyàn 9 ló kú, òun náà wà lára wọn. Kóòṣì iwájú rún wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà 63.

Ibi tó dùn mí jù nìyí: ní 2005, nítòsí ibùdókọ̀ Rosslyn lórí rélùwéè yìí kan náà, díẹ̀ ló kù kí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó ni rélùwéè náà fúnra wọn ṣe ìlànà ìdánwò tó lè tú àṣírí irọ́ yìí. Ìlànà wà nílẹ̀, àmọ́ kò di àmúlò káàkiri.

Ẹ ó ní, ṣé kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn ni? Ó wà. Maryland, Virginia àti Washington jọ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, torí òfin 1991 ló ní kí ìpínlẹ̀ máa ṣọ́ rélùwéè ìgboro. Nígbà náà, ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ò láṣẹ láti gbé ìlànà ààbò kalẹ̀ fún wọn. Ìgbìmọ̀ yìí ò lè bu owó ìtanràn léni, kò lè dá ọkọ̀ dúró. Nígbà kan ní 2009, ilé iṣẹ́ rélùwéè tí wọ́n ń ṣọ́ ní kí àwọn olùyẹ̀wò ìgbìmọ̀ náà má rin ojú irin tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ẹni tí à ń yẹ̀ wò ló ń sọ ibi tí olùyẹ̀wò lè fẹsẹ̀ tẹ̀!

Òfin 2012 ló yí i padà. Alábòójútó ò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń bójú tó, ó sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ. Ìpínlẹ̀ tí kò bá ṣe tán títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2019 kò ní rí owó tuntun fún ọkọ̀ èrò gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Owó ni gbogbo wọn gbọ́, wọ́n sì ṣe é.

Àjọ tuntun tó rọ́pò ìgbìmọ̀ yẹn ní Washington kò pẹ́ fi agbára hàn. Ní oṣù kẹwàá 2021, ọkọ̀ kan yẹ̀ lójú irin nítòsí ibùdókọ̀ Arlington Cemetery, torí táyà irin rẹ̀ ti sún kúrò láyè lára ọ̀pá tó gbé e. Ìwádìí fi hàn pé ọkọ̀ yẹn kan náà ti yẹ̀ ṣáájú lọ́jọ́ náà, ó fúnra rẹ̀ padà sórí irin, kò sẹ́ni tó fura. Àjọ náà ní kí gbogbo kóòṣì irú ẹ̀, 748, wọlé lọ jókòó. Ó tó ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ohun tí wọ́n ní. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Maryland mọ ohun tó tẹ̀lé e: lórí àwọn ìlà rélùwéè míì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ ó fi dúró. Èrò bínú. Àjọ ò yí ohùn padà.

L'Ékòó, rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án 2023. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ní òun ń bójú tó ààbò rẹ̀, ẹ má bi í iye ìwé tó ti kọ. Ẹ bi í bóyá ó lè ní kó má jáde lọ́la.